Ohun Tí Iná Àlùkò Rí Nínú Dúrọ́ọ̀

Kóòtù funfun Reuben ń tàn.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì láàbù bí ẹni fẹ́ lọ̀ ọ́. Wọ́n ti fa kọ́tìnnì, wọ́n ti pa iná, tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tó wà lọ́wọ́ Dọ́kítà Oyèlékè nìkan ló kù. Bó ṣe ń gbé e gba orí kóòtù náà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni apá, àyà àti ọrùn rẹ̀ ń yọ ìmọ́lẹ̀ búlúù wá, bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé síta tí òṣùpá wá bá a.

"Ẹ wò ó fúnra yín, Màdáámù," Dọ́kítà wí. "Mo ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ Ajé. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe ló wà lára aṣọ ọkùnrin yẹn. Òun ló jí ìwé náà."

Inspẹ́kítọ̀ Adéjọkẹ́ Oríọlá tẹ̀ síwájú, ó ń wo kóòtù náà. Kì í ṣe obìnrin tó máa ń yára sọ̀rọ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún nídìí iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Àkúrẹ́, ó sì ti rí i pé ohun tí wọ́n bá fi ìkánjú gbé síwájú òun, ó máa ń yẹ kí òun yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀kúnlé Akínbọ̀wálé ṣubú lẹ́nu géètì ilé rẹ̀ nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí kò sì dìde mọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ló kọ iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá sí. Gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ ní yunifásítì ló gbà pé inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ló ń tì í mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀ náà lọ́jọ́ Ajé, ìwé kò sí níbẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì: Reuben, òṣìṣẹ́ láàbù. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti wà ní àtìmọ́lé. Ọjọ́bọ̀ nìyí. Lọ́la, aago mẹ́wàá, wọn yóò sin Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oǹdó.

"Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́," Adéjọkẹ́ wí. "Kí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe gan-an?"

Moyinolúwa ló dáhùn, ọmọbìnrin tó ń ṣe ìwádìí oyè dókítà lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Ike ni, Mà. Ike tó ń tan ìmọ́lẹ̀. Ike tí gbogbo wa mọ̀, iná mànàmáná kì í gba inú rẹ̀ kọjá, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi wé wáyà. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí ẹ lè to ẹ̀yà ara rẹ̀ débi tí iná á fi gba inú rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ á sì máa tàn. A máa ń yọ́ ọ bí ẹni yọ́ ọ̀dà, a máa ń kùn ún sórí gíláàsì. Á fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ."

"Tọ́ọ̀ṣì yìí ńkọ́?"

"Tẹ́ ẹ bá tan iyẹn sí i, á tàn láìsí wáyà rárá. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn."

"Àǹfààní wo ló wà níbẹ̀?"

"Ojú fóònù, Mà. Gílóòbù tí ẹ lè ká bí ẹní. Àmọ́ ọ̀tá rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin. Ní ìlú olójò bíi tiwa, ọ̀sẹ̀ kan ló máa lò, á ti kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n rí ọ̀nà tó fi lo oṣù mẹ́rìnlá. Ọ̀nà yẹn ló wà nínú ìwé. Wọn ò fi sínú kọ̀ǹpútà kankan."

"Àwọ̀ wo ló ń tàn?"

"Àwọ̀ ọsàn, Mà. Ọsàn tó ti pọ́n dáadáa."

Adéjọkẹ́ na ọwọ́, ó gba tọ́ọ̀ṣì. Ó fa áńkáṣíìfù rẹ̀ yọ, ó tan iná sí i. Búlúù. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó tàn án sí Dọ́kítà Oyèlékè láyà. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun Dọ́kítà tàn yanran láti kọ́là títí dé ìgbànú.

"Háà," Adéjọkẹ́ wí, "Dọ́kítà, ẹ̀yin àti Reuben lẹ jọ jalè yìí nìyẹn. Èmi náà sì wà níbẹ̀."

Moyinolúwa fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ti já a lẹ́nu.

"Ọṣẹ ni," Adéjọkẹ́ wí. "Wọ́n máa ń po nǹkan kan mọ́ ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú kí aṣọ funfun lè máa dán. Ẹni tó bá ń fọ aṣọ rẹ̀ dáadáa lẹ ti mú yẹn." Ó padà sídìí kóòtù, ó rọra ń wò ó láti òkè délẹ̀. Létí ọwọ́ apá òsì, ẹyọ àmì kan ń tàn, kò ju wóró ọkà bàbà lọ, àwọ̀ ọsàn. "Èyí ni tiyín. Ẹni tó ti ń fọ abọ́ láàbù fún ọdún mẹ́rìnlá, ìba tó máa wà lára rẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá da ike sára, tirẹ̀ kò ní í mọ báyìí."

"Ó ní kọ́kọ́rọ́," Dọ́kítà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Adéjọkẹ́ wí. "Ìyẹn ṣì wà níbẹ̀."

*

Reuben dìde nígbà tí Adéjọkẹ́ wọlé sí àtìmọ́lé. Ọmọ Ìjù, nítòsí Àkúrẹ́, ni, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ nígbà tí wọ́n mú un ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Jókòó, Reuben. Ṣé wọ́n fún ọ lóúnjẹ?"

"Wọ́n gbé e wá, Mà. Kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ ni."

"Kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ."

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Mà. Ọ̀gá ló fún mi, nítorí wọ́n máa ń gbàgbé tiwọn sílé. N kò fi ṣí i rí láìjẹ́ pé wọ́n rán mi."

"Ṣé o ti rí ìwé náà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn rí? Má yára dáhùn."

Reuben la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Ó jọ mí lójú báyìí tẹ́ ẹ bi mí," ó wí. "Mo máa ń rí i lórí tábìlì, tí wọ́n ń kọ nǹkan sí i. N kò rí i nínú dúrọ́ọ̀ rí. Tó bá ti di pé wọ́n fẹ́ palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní, 'Reuben, lọ bá mi wo jẹnẹrétọ̀.' Lójoojúmọ́. Jẹnẹrétọ̀ tó ti kú láti ọdún tó kọjá."

"Ìwọ sì ń lọ wò ó."

"Ọ̀gá mi ni wọ́n, Mà."

Adéjọkẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí ló mú kí wọ́n máa fi ìwé náà pamọ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ bi Dọ́kítà Oyèlékè léèrè. Ọdún méjì sẹ́yìn, Ọ̀gá wọlé, wọ́n bá Dọ́kítà níbi tí wọ́n ti ń fi fóònù ya ojú ewé ìwé náà. Ọ̀gá ò pariwo. Wọ́n kàn pa ìwé dé."

Ó sún mọ́ etí àga. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mà, Ọ̀gá ni wọ́n sọ ọmọ mi àbígbẹ̀yìn lórúkọ. Lọ́la ni wọ́n máa sin wọ́n. Tí wọn ò bá rí mi níbẹ̀, wọ́n á ní òótọ́ ni, ojú ló ń tì mí. Kódà bí ẹ bá wá dá mi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ta ni mo fẹ́ máa tọ̀ lọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan láti ṣàlàyé?"

Adéjọkẹ́ kò ṣèlérí. Ó mọ̀ pé kò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

*

"Ojú ewé méjì péré," Dọ́kítà Oyèlékè wí. Ó ti jókòó sí láàbù, Moyinolúwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Mo bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́jọ́ yẹn. Mo pa fọ́tò náà rẹ́ níṣojú rẹ̀."

"Ẹ wá ń fẹ́ ìyókù nígbà tó kú."

"Ta ni ò ní í fẹ́ ẹ? Ṣùgbọ́n mo wà ní Àbújá ní ọ̀sẹ̀ tó kú, mo sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò."

Adéjọkẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó bi í. Òótọ́ ni. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ kẹ̀kẹ́ lẹ́nu géètì. Dọ́kítà nídìí tó fi lè jí ìwé, kò ní kọ́kọ́rọ́. Reuben ní kọ́kọ́rọ́, kò nídìí. Wọn ò sì já dúrọ́ọ̀. Tí kò bá sí ẹni tó lè mú ìwé náà kúrò níbẹ̀, ó kù kí ó bi ara rẹ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi: ṣé ìwé náà wà níbẹ̀ rí?

"Ẹ tún fa kọ́tìnnì yẹn fún mi," ó wí.

Ó ṣí dúrọ́ọ̀. Bíbélì kan wà níbẹ̀, ara rẹ̀ ti gbó, àti bíírò mẹ́ta, àti ìṣáná. Ìwé ìròyìn ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ó tan iná àlùkò sí i.

Moyinolúwa mí kanlẹ̀. Ìwé ìròyìn náà kún fún àmì wínníwínní aláwọ̀ ọsàn, bí ìgbà tí wọ́n bá fọ́n èèpẹ̀ síta. Ohun tó ń jábọ́ lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n lójoojúmọ́, tó ń ti ẹnu iṣẹ́ na ọwọ́ sí dúrọ́ọ̀, nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, fún ọdún méjì.

Adéjọkẹ́ gbé Bíbélì kúrò. Ibi tó ti kúrò dúdú, etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún bí ẹni fi rúlà fà á. Kò sí àmì ẹyọ kan níbẹ̀. Ó gbé Bíbélì padà: ó bọ́ sójú àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó wá fi iná wo gbogbo ìyókù dúrọ́ọ̀, igun dé igun. Kò sí ibòmíràn tó dúdú.

"Báwo ni ìwé àkọsílẹ̀ náà ṣe tóbi tó?"

"Ó gùn ju Bíbélì yìí lọ, Mà," Moyinolúwa wí. "Bí ìka méjì."

"Ìwé náà kò gbé inú dúrọ́ọ̀ yìí rí. Bíbélì ló ń gbé e." Adéjọkẹ́ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Orúkọ Ayọ̀kúnlé Akínbọ̀wálé wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ẹ̀bùn ni fún ẹni tó gba ipò kìíní nínú Ìmọ̀ Bíbélì, 1978. "Ṣé ó ní Bíbélì mìíràn?"

"Eléyìí tí wọ́n ń gbé kiri, Mà. Inú àpò dúdú onísíìpù. Abẹ́ apá wọn ló máa ń wà, wọ́n á gbé e wá láàárọ̀, wọ́n á gbé e lọ nírọ̀lẹ́. Wọ́n máa ń fi ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́ ní ẹ̀ka, wọ́n ń pè wọ́n ní Fíkà, bí àlùfáà."

"Ta ló ti rí Bíbélì tó wà nínú àpò náà?"

Dọ́kítà wo Moyinolúwa. Ta ní jẹ́ ṣí àpò Bíbélì àgbàlagbà?

"Ọjọ́ tó ṣubú ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ wọn." Moyinolúwa wí. "Mọ́mì, ìyàwó wọn, sọ fún wa nígbà tá a lọ kí wọn. Wọ́n ní abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ti bá a, pé àwọn ò ní í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé e sínú pósí. Àmọ́ Mà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ṣé Mọ́mì ò ní í ti ṣí i?"

"Wọn ò tíì ṣí i."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Adéjọkẹ́ pa tọ́ọ̀ṣì. Ọdún kan gbáko lẹ́yìn ikú ọkọ òun alára ni báàgì rẹ̀ fi wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí òun tó lè ṣí i. "Mo mọ̀ ni," ó wí.

Ọ̀gá rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá kò gbà. Ó ní ohun tó rò nìyẹn, kì í ṣe ohun tó rí, àti pé Reuben kò lọ síbì kankan láìjẹ́ pé òun fojú kan ìwé náà. Adéjọkẹ́ pe fóònù ìyàwó olóògbé. Ohùn àgbàlagbà ọkùnrin kan ló dáhùn.

"Ọlọ́pàá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sin òkú wa ná." Ó pa fóònù.

*

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Adéjọkẹ́ àti Moyinolúwa ti kọjá Òwenà, wọ́n ti wọ Oǹdó. Èrò ti tò sójú ọ̀nà ilé náà, wọ́n ń wọlé níkọ̀ọ̀kan láti rí ojú òkú kẹ́yìn.

Wọ́n tẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n sí pálọ̀, nínú agbádá funfun. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí àpò dúdú kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Kìtán, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, dúró níbi orí pósí. Modúpẹ́, ìyàwó, jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Adéjọkẹ́ kúnlẹ̀ tì í. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Mà. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Ẹ ṣé o."

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bá wá. Ṣé ẹ ti ṣí àpò yẹn láti ọjọ́ náà?"

Modúpẹ́ wò ó bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. "Mo gbìyànjú ẹ̀," ó wí. "Ọwọ́ mi ò lè fa síìpù náà."

Adéjọkẹ́ yọ Bíbélì inú dúrọ́ọ̀, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Modúpẹ́ ṣí i, ó fi ìka tọ orúkọ náà lọ.

"Níbo lẹ ti rí i? Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti rí Bíbélì yìí gbẹ̀yìn."

"Ibi iṣẹ́ ló ti ń kà á, Mà. Kò sí nínú àpò yẹn."

Bàbá Kìtán ti dé ọ̀dọ̀ wọn. "Ṣé ìwọ lo pè lánàá? Ẹnikẹ́ni ò ní í fọwọ́ kan àbúrò mi. Gbogbo Oǹdó ló ń kọjá níwájú rẹ̀, tí wọ́n rí i pé Bíbélì rẹ̀ ló dì mú. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé a gba Bíbélì lọ́wọ́ òkú ni?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọkùnrin kan wà ní àtìmọ́lé nítorí ohun tí mo rò pé ó wà nínú rẹ̀."

"Ta ni?" Modúpẹ́ bèèrè.

"Reuben."

Modúpẹ́ dìde. "Reuben wa? Mo bi yín léèrè rẹ̀ lánàá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ó rìnrìn àjò."

Bàbá Kìtán wo ilẹ̀. "A ò fẹ́ dá kún tìrẹ ni, Ìyá Ìbùkún."

Modúpẹ́ yí padà. Ó lọ sídìí pósí. Àwọn tó wà lórí ìlà dúró síbi tí wọ́n wà. Ó tẹ̀ ba, ó bá òkú náà sọ̀rọ̀ ní ohùn tí wọ́n fi ń jí ènìyàn láàárọ̀.

"Bàbá Ìbùkún, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ó gbé ọwọ́ kan, ó gbé èkejì, ó fa àpò náà jáde. Síìpù há díẹ̀, ó sì ṣí.

Ìwé gígùn ni, ẹ̀yìn rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Ìwé kíkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n kún inú rẹ̀ bámúbámú, àti àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ kéékèèké tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ojú ewé. Adéjọkẹ́ yọ tọ́ọ̀ṣì, ó bo fèrèsé tó súnmọ́ wọn pẹ̀lú ara rẹ̀, ó tan iná.

Àwọ̀ ọsàn gba gbogbo àtẹ́lẹwọ́ Modúpẹ́.

"Ọdún mọ́kànlá," ó wí. "Á wọlé, á ní, 'Modúpẹ́, ó ń tàn o.' Èmi á ní, ó dáa, ẹ wá jẹun."

Ó gbé Bíbélì ilé ẹ̀kọ́ náà sábẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe.

Adéjọkẹ́ jáde sí fàráńdà. Ó ya fọ́tò ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà gbà kí wọ́n tú Reuben sílẹ̀, Adéjọkẹ́ sì pe Àkúrẹ́.

"Dọ́kítà Oyèlékè, ìwé yín ti yọjú. Ẹ lọ sí àgọ́, ẹ gba Reuben, ẹ gbé e wá sí Oǹdó."

"Èmi fúnra mi?"

"Ẹ̀yin lẹ fi ẹnu yín gbé e débẹ̀."

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn mẹ́fà tí yóò gbé pósí wọ ìbọ̀wọ́ funfun.

"Ẹ má tíì dé e," Modúpẹ́ wí. "Ó ku ẹnìkan."

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù. Fíkà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo Bàbá Kìtán. Gbogbo ilé ń retí pé àgbàlagbà náà yóò bínú. Bàbá Kìtán fi igi rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ akọrin," ó wí. "Kí wọ́n máa kọrin lọ. Kò sẹ́ni tó ń lé wa."

Ó ti kọjá aago mẹ́wàá dáadáa nígbà tí ọkọ̀ Dọ́kítà dúró síta. Dọ́kítà ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún Reuben. Reuben dé ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀, ó dúró. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ti rún, ó wo sílípáàsì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mà, n kò múra," ó wí.

"Wọlé," Modúpẹ́ wí. "Ọ̀gá rẹ ló ń dúró dè ọ́."

Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú pósí, ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó dìde, Bàbá Kìtán ti tọ ẹni tó wà níwájú lápá ọ̀tún nínú àwọn tó fẹ́ gbé pósí lọ, ọmọ rẹ̀ tó bí nínú ara rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i. Ọmọ náà bọ́ ìbọ̀wọ́ funfun méjèèjì. Àgbàlagbà náà gbé wọn fún Reuben.

Wọ́n dé pósí. Wọ́n gbé e. Oòrùn ti mú sójú títì, èrò ti kún apá méjèèjì láti ẹnu ilé títí dé ṣọ́ọ̀ṣì, Reuben wà níwájú, gbogbo wọn sì ń wò ó.